Iná Òsì

"Àlejò ló ń ṣíwájú lọ́dọ̀ wa," ni olórí àwọn alálùpùpù wí, bó ṣe ń gun alùpùpù rẹ̀ jáde ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì.

Orílẹ̀-èdè kẹta rèé tí arìnrìn-àjò tó jẹ́ àlejò wọn ń fi alùpùpù là kọjá. "Ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ̀nà o."

"Wọ́n ṣáà ní àlejò lójú, kò fi ríran! Máa wo iná mi nínú dígí rẹ. Ibi tó bá ń ṣẹ́jú sí ni kó o yà sí. Yára, ọkọ̀ ojú omi ò ní dúró dè wá."

Inú àlejò dùn bí ẹni tí wọ́n fi joyè. Ó wo dígí: òsì ni iná ń ṣẹ́jú sí. Ó yà. Ìkóríta kejì, òsì. Ẹ̀kẹta, òsì náà ni. Nígbà tó yà lẹ́ẹ̀kẹrin, ó bá ara rẹ̀ níwájú mẹkáníìkì.

"Kí la tún wá ṣe níbí?" ni olórí pariwo. "Àwa rò pé o rí àbùjá ni!"

Mẹkáníìkì na ìka sí iná tí kò tíì yé ṣẹ́jú. "Bíréèkì nìkan lẹ ní kí n tún ṣe, ọ̀gá. Láti àárọ̀ niná yẹn ti ń ṣe bẹ́ẹ̀."

Fèrè ọkọ̀ ojú omi dún lókèèrè.

"Ẹ̀gbọ́n," ni àlejò wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "onílé náà lójú o."