Ẹgbẹ́ Ọlọ́kọ̀ Ìgbòkun Lórí Bẹ́ẹ̀dì

Ọdún 2009 nìyí. Àìsàn kan ń ràn káàkiri, wọ́n sì ti ti adágún tí ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ ìgbòkun wa ti ń pàdé pa.

Alága wa, Bàbá Akínbọ̀dé, kò gbà kí ẹgbẹ́ tú ká.

Láràárọ̀ Sátidé, ó ń pè wá láti Ìkọ̀lé, ó ń so wá pọ̀ sórí ìpè kan ṣoṣo: Péjú ní Ìfisìn, Samson ní Òkè-Àkò, èmi Kẹ́mi ní Ayébọ̀dé.

Oníkálukú dúró lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó na aṣọ bẹ́ẹ̀dì sókè bí ìgbòkun.

"Atẹ́gùn ń bọ̀ lápá ọ̀tún," ni Alága wí. "Ẹ fà á."

A fà á. Ọkọ mi ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ mi, ó ń mi orí.

Àfi bí ìyàwó Samson ṣe gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ kú uṣẹ́ o, Alága. Ṣé ẹ ò gbọ́ ni? Wọ́n ti ṣí adágún yẹn láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

Ọkọ mi dáwọ́ abẹ̀bẹ̀ dúró.

"Mo gbọ́," ni Alága wí.

"Èmi náà gbọ́, sà," ni Péjú wí.

Èmi náà ti gbọ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀wẹ̀ nínú wa, ìbẹ̀rù-bojo la sì fi ń wọkọ̀ kí àìsàn tó dé.

Alága wúkọ́ díẹ̀.

"Ẹ di nǹkan mú, ẹ̀yin ará. Ìgbì ń bọ̀."