Kọ́ọ̀pù Fáìzàh

Ní àárọ̀ Sátidé, Àbẹ̀ḿbí kó gbogbo kọ́ọ̀pù tánganran tó wà ní ìsọ̀ rẹ̀ ní Dùgbẹ̀ síta, ó jókòó lórí àpótí, ó sì ń fi ọmọ odó fọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan sínú àpò sìmẹ́ǹtì. Àyàntúndé tó ń ta ike lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ dìde wá wò ó.

"Ìyá Sùrá, ṣé kò sí o? Ẹ dá owó lé e fún mi, ẹ yéé fọ́ ọjà."

"Bí mo bá tà á fún ọ, ta ni ìwọ máa tà á fún?"

"Ẹni tó bá ní owó lọ́wọ́."

"Àwọn ọmọ tìrẹ ńkọ́?"

"Àwọn ọmọ tèmi? Ike ni wọ́n fi ń mumi. Kò sí ohun tó ń ṣe wọ́n, àfi ojúkòkòrò."

Àbẹ̀ḿbí kò rẹ́rìn-ín. Ó mú òmíràn, ó fọ́ ọ.

Fáìzàh, ọmọ ọmọ rẹ̀, ló fà á. Kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ. Ọ̀dọ̀ Àbẹ̀ḿbí ní Agbowó ló ń gbé láti ìgbà tí wọ́n ti já a lẹ́nu ọmú, nítorí Zùwáírátù ìyá rẹ̀ ń ṣe tíṣà ní Mọ́níyà, òpin ọ̀sẹ̀ ló máa ń ráyè wá. Surajudeen bàbá rẹ̀, ọmọ Àbẹ̀ḿbí, wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Kánò. Láti ìgbà tí ọkọ Àbẹ̀ḿbí ti kú, ohùn ọmọ yìí nìkan ló ń dún nínú ilé yẹn.

Inú rírun ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní aràn ni, wọ́n fún un lóògùn aràn. Lẹ́yìn náà, kò jẹun dáadáa mọ́. Àwọn ọ̀rọ̀ tó ti mọ̀ ọ́n sọ tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọnù lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ kan, gìrì gbé e. Àbẹ̀ḿbí da omi tútù lé e láti orí dé ẹsẹ̀, ó fi aṣọ nù ún mọ́ tónítóní, ó sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan lọ́nà Ring Road, ó ní kí Zùwáírátù pàdé òun níbẹ̀.

Dókítà Adéfọlárìn gba ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà. Nígbà tí èsì dé, ó ní òjé ló wà nínú rẹ̀.

"Òjé wo? Òjé tí wọ́n ń so mọ́ àwọ̀n ẹja?"

"Òun náà ni, màmá. Kí ló fi ń jẹun? Kí ló fi ń mumi?"

Àbẹ̀ḿbí sọ fún un. Kọ́ọ̀pù pupa kan ni, olómi wúrà létí, láti ìsọ̀ òun fúnra òun. Kọ́ọ̀pù náà ni òun fi ń bu ògì gbígbóná fún ọmọ náà láràárọ̀.

Dókítà mi orí. Ó ní ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun àwọn kọ́ọ̀pù mìíràn ní òjé nínú, pàápàá pupa àti yẹ́lò, ohun gbígbóná àti ohun kíkan ló sì máa ń fà á jáde. Ògì gbóná, ògì sì kan. Ó ní kó gbé kọ́ọ̀pù náà wá kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Kó lọ ra gíláàsì, tàbí kọ́ọ̀pù onírin tí kì í dípẹtà. Bó bá sì jẹ́ pé tánganran náà ló fẹ́, kó jẹ́ funfun báláú, tí wọn kò kun ohunkóhun sí nínú rẹ̀, tí ara rẹ̀ kò sì sán.

Nígbà tí wọ́n jáde, Zùwáírátù dúró lẹ́bàá ògiri.

"Màámi, ẹ̀yin lẹ fún un ní kọ́ọ̀pù yẹn."

"Èmi ni."

"Wọ́n á tún ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò lóṣù tó ń bọ̀. Tí òjé yẹn ò bá wálẹ̀, màá mú ọmọ mi lọ, kò sì ní padà wá sọ́dọ̀ yín mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi."

"Bí mo bá máa bínú, ta ni màá bínú sí?"

Ìdí nìyẹn tó fi fọ́ ọjà. Ó tún kó abọ́ aláwọ̀ tó wà nílé sọnù, títí kan èyí tí wọ́n fi gbé e níyàwó. Ó ra gíláàsì. Ó ti ìsọ̀ pa, ó jókòó ti ọmọ. Tẹ́lẹ̀, àárọ̀ nìkan ló máa ń wẹ̀ ẹ́, tó sì máa ń tún un ṣe. Ó wá di àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́. Á wẹ̀ ẹ́, á fi òrí pa á lára, á lé tìróò fún un, á di irun rẹ̀, á gbé gíláàsì sí i lẹ́nu. Ó ní ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá kò tún gbọ́dọ̀ rí jákujàku.

Fáìzàh ń rù sí i. Nígbà tó yá, kò pe "Ìyá" mọ́.

"Kí lẹ fi ń fún un ní nǹkan mu?" ni Zùwáírátù bi í nígbà tó wá.

"Gíláàsì. Òun rèé. Wò ó, ṣé o ò rí ọwọ́ mi láti òdìkejì rẹ̀ ni?"

Lọ́jọ́ tí wọ́n padà lọ sí ilé ìwòsàn, Àbẹ̀ḿbí wọ aṣọ tó dára jù fún ọmọ náà. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, wọ́n dúró gba èsì. Dókítà kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Ó ti lọ sókè sí i, màmá."

"Mo fọ́ gbogbo wọn!"

"Mo gbọ́. Kọ́ọ̀pù tí ẹ gbé wá, wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn mìíràn ní òjé lóòótọ́. Tiyín ò ní."

Zùwáírátù na ọwọ́. Àbẹ̀ḿbí kò kọ́kọ́ fẹ́ fi ọmọ sílẹ̀, ìgbà tó yá ló gbé e fún un. Fáìzàh bú sẹ́kún, omi dúdú sì ń ṣàn bọ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Dókítà mú òwú, ó nù ún, ó gbé òwú náà sókè sí iná.

"Màmá, ta ló ń lé tìróò fún un?"

"Èmi ni," ni Àbẹ̀ḿbí wí, ojú rẹ̀ sì tàn díẹ̀. "Láti ìgbà tó ti dé ọ̀dọ̀ mi, n ò gbàgbé lọ́jọ́ kan rí. Òkúta rẹ̀ gan-an ni mo máa ń rà ní Sábó, èmi fúnra mi ni mò ń lọ̀ ọ́, kì í ṣe ayédèrú."

Dókítà wo òwú náà, ó wo Zùwáírátù, ó sì rọra sọ fún wọn pé òkúta yẹn gan-an ni òjé.