Iṣẹ́ Sátidé Bándélé

Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bí ọ̀sán Sátidé bá ti pọ́n, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni Bándélé ní: kó má jẹ́ kí Bàbá Tíṣà dìde lórí àga.

Láwàlì ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ yìí. Láwàlì ń ta páàtì mọ́tò ní gáréèjì Kútò, ìfẹ́ Morónkẹ́, ọmọ kan ṣoṣo tí Bàbá Tíṣà bí, sì ti wọ̀ ọ́ lára débi pé oúnjẹ kì í dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Nígbà tó lọ fi ara rẹ̀ han bàbá náà nílé wọn ní Aké, bàbá kò bi í léèrè ẹ̀sìn, kò bi í léèrè owó. Ìwé ìròyìn ló nà sí i, ó ní kó tú àdììtú ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, èyí tí àwọn akọ̀wé ń pè ní kírọ́síwọ́ọ̀dù. Láwàlì ò rí ẹyọ kan tú. Bàbá ní ẹni tí kò lè ronú jìnnà kò lè fẹ́ ọmọ òun, kó máa lọ, kí òun má sì tún rí ẹsẹ̀ rẹ̀ lójúde òun.

Ni Bándélé bá di ẹni tó ń wá kọ́ àdììtú. Ọdún 1981 ni. Yóò ra ìwé ìròyìn Yorùbá tó ń jáde ní Sátidé, yóò gbé e lọ bá bàbá, bàbá yóò máa tú u, yóò sì máa ṣàlàyé. Ní àkókò yẹn ni Morónkẹ́ yóò yọ́ jáde lọ pàdé Láwàlì. Tó bá ti wọlé padà, Bándélé á dìde, á ní ó dàárọ̀.

Iṣẹ́ náà ò rọrùn o. Ọjọ́ Sátidé náà ni ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n sì ti fi ẹlòmíràn sí ipò rẹ̀. Ó dùn ún wọra. Ṣùgbọ́n ó ti ṣèlérí fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, bí bàbá bá sì fi ojú kan Láwàlì, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn.

Ó jọ pé Ọlọ́run wà lẹ́yìn wọn. Láti ẹ̀yìn Iléyá ni bàbá ti yí àga rẹ̀ padà, tó kẹ̀yìn sí géètì. Ó ní oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń wọ òun lójú. Ẹ̀yìnkùlé ni oòrùn ìrọ̀lẹ́ máa ń wà, àmọ́ Bándélé ò bá a jiyàn. Oúnjẹ ilé náà pàápàá ti yàtọ̀. Iṣu ńláńlá kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, Morónkẹ́ a sì gúnyán fún wọn kó tó jáde. Bàbá ní àwọn ọ̀rẹ́ kan ló kó o wá.

Ní Sátidé kan, nígbà ọyẹ́, Bándélé pẹ́ díẹ̀ kó tó dé. Orí ìdúró ló bá bàbá.

"Ẹ káàsán, sà."

"Mo ti rò pé o ò ní wá mọ́." Bàbá jókòó kíákíá, ó gbé awò rẹ̀ sójú. "Gbọ́ èyí. Náírà ti wọlé: ọkọ̀ ń ti Kútò lọ síbẹ̀. Lẹ́tà márùn-ún."

Bándélé ti mọ̀ ọ́n. Ó họrí. "Èkó ni, sà?"

"Èkó kẹ̀! Lẹ́tà mélòó ló wà nínú Èkó? Kí ni náírà?"

"Owó ni, sà."

"Owó tó wọlé ńkọ́?"

"Ó ti dé nìyẹn, sà. Háà! Owódé!"

Inú bàbá dùn bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́. Ó ka òmíràn: "Àgbàlagbà pàdé odò tí a gé lórí: ó ń hu irun nínú oko."

"Bàbá arúgbó kan ló kó sódò, sà?"

Bàbá rẹ́rìn-ín títí awò fi bọ́ lójú rẹ̀. "Àgbàlagbà, àgbà nìyẹn. Gé orí odò, kí ló kù? Do. Pa wọ́n pọ̀: àgbàdo. Ṣé kì í hu irun ni?"

Báyìí ni wọ́n ṣe é títí ó fi ku ẹyọ kan. Bándélé gbójú sókè. Morónkẹ́ ti dé ẹnu géètì, Láwàlì sì tẹ̀ lé e wọ àgbàlá, ó bá a gbé báàgì rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni wà nílé bàbá rẹ̀. Bándélé mi orí fún un. Láwàlì sá sẹ́yìn igi ọsàn.

"Èyí tó kù yìí ńkọ́, sà?"

"Ìyà ṣubú bí ògiri: ayọ̀ ọkùnrin ni."

Ìdáhùn ti wà lórí ahọ́n rẹ̀. Bí ògiri bá ṣubú, ó wó ni. Ìyàwó! Ó gbé e mì.

"Kò yé mi rárá, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká tún gbogbo rẹ̀ ṣe látòkè."

"Látòkè?" Ojú bàbá tàn. "Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Ibi tí bàbá ti ń wá pẹ́ńsùlù ni Láwàlì ti sín, eruku ọyẹ́ ti wọ̀ ọ́ nímú. Bàbá yọ awò ojú rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀ jẹ́ẹ́.

"Jókòó síbẹ̀," ó ní. "Má dìde o."

Ó kọjú sí ìdí igi ọsàn. Bándélé kò lè jókòó. Ojú òun ni ìfẹ́ ọ̀rẹ́ òun ti fẹ́ bàjẹ́ yìí, àánú Láwàlì sì ṣe é. Ó yọ́ tẹ̀ lé bàbá, ó ti múra láti dọ̀bálẹ̀ gbalaja bẹ̀ ẹ́, kó tó gbọ́ ohun tí bàbá ń sọ wúyẹ́wúyẹ́.

"Àna mi, ṣebí mo ti bẹ̀ ọ́ pé ẹ̀yìnkùlé ni kí o máa gbà wọlé, bí Bándélé bá lọ mọ̀ pé mo ti gba ẹrù ìyàwó lọ́wọ́ àwọn ẹbí rẹ láti ẹ̀yìn Iléyá, ta ni yóò tún máa wá jókòó tì mí ní Sátidé?"