Ojú Àbúrò Mi Nínú Fíìmù

Gbogbo ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń lọ sílé fíìmù, kí apànìyàn inú fíìmù tó wọ kóòtù funfun lè yìnbọn pa Ọlátúbọ̀sún, àbúrò mi tó ta ilé bàbá wa. Àwòrán ojú ọ̀tá tí oníkálukú bá mú wá ni ẹ̀rọ ibẹ̀ máa ń fi sójú ẹni tí wọ́n fẹ́ pa nínú fíìmù.

Lónìí, Mosúnmọ́lá tó ń tọ́jú ẹ̀rọ náà dá mi dúró.

"Bàbá, ẹ mú ojú ẹlòmíràn wá. Òfin ní ká pa ojú òkú rẹ́."

"Àná ni wọ́n sin ín. Èmi ẹ̀gbọ́n ò lè débẹ̀, èèwọ̀ ni. Jọ̀ọ́, ọmọ mi, ẹ̀ẹ̀kan péré."

"Ẹ ò tíì pa á tẹ́ yín lọ́rùn ni?"

Síbẹ̀, ó tan ẹ̀rọ.

Apànìyàn wọlé, ó tún táì rẹ̀ ṣe, ó na ìbọn. "Iṣẹ́ yìí ti sú mi," ló wí.

"Dá a dúró níbẹ̀!" mo kígbe.

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń pariwo pé kó yìnbọn pa á?"

"Mo bẹ̀ ọ́, má jẹ́ kó yìnbọn."

Ó dá fíìmù dúró. Mo sún mọ́ ògiri tí fíìmù ń hàn sí títí ojú àbúrò mi fi kún ojú mi.

"Túbọ̀sún," mo ní, "ṣé o ti jẹun?"