Níbo La Ó Gbé Àga Náà Sí?

Ojú ń ti gbẹ́nàgbẹ́nà nítorí ìyá rẹ̀. Kì í ṣe pé ìyá náà jalè, kì í sì í ṣe pé ó bá aládùúgbò jà. Ohun tó ń jẹ ọmọ rẹ̀ lọ́kàn ni pé látìgbà tí àjàkálẹ̀ àrùn ti kásẹ̀ nílẹ̀, tí wọ́n sì ti ṣí mọ́ṣáláṣí padà, ìyá ò débẹ̀ mọ́. Ìyá tó jẹ́ pé kí àrùn tó dé, ládàánì gan-an kì í ṣáájú rẹ̀ débẹ̀ lọ́jọ́ Jímọ̀!

Ẹ̀ẹ̀kan péré ló gbìyànjú. Ní Jímọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣí i, ó wẹ̀, ó wọ funfun, ó ká ẹní ìrun rẹ̀ sábẹ́ abíyá, ó lọ. Kò tíì sẹ́ni tó pe ìrun tó fi padà wọlé, ẹní ṣì wà ní kíká bó ṣe gbé e jáde. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ sáré bi í pé kí ló dé.

"Orúnkún ni," ló wí.

Látìgbà náà, fóònù ló máa ń gbé ti ife lórí tábìlì, á máa fi gbọ́ wáàsí lèmọ́mù, á máa ṣe àmín níwájú rẹ̀.

Gbẹ́nàgbẹ́nà ní tirẹ̀ kì í ṣe ẹni ẹ̀yìn ní mọ́ṣáláṣí. Nígbà tí wọ́n ní kí oníkálùkù jìnnà síra lórí sàfù ìrun, òun ló fa ìlà sílẹ̀. Nígbà tí àwọn dúrọ́ọ̀mù omi ìfọwọ́, ẹní àti àga ò ríbi gbà, òun ló kan pákó sí yàrá ẹ̀yìn tí wọ́n kó wọn sí, òun náà ló fi àgádágodo sẹ́nu ọ̀nà. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ò kúrò lápò rẹ̀ dòní. Ìlà ti pa rẹ́ nílẹ̀ báyìí, èjìká ti tún kan èjìká, wọ́n sì ti ń bọ ara wọn lọ́wọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Àwọn obìnrin nìkan ni kò padà wá.

Ní Jímọ̀ kan, lèmọ́mù fi ọ̀rọ̀ náà ṣe wáàsí. Ó ní fóònù ti gba àwọn ìyá lọ́wọ́ mọ́ṣáláṣí. Alápatà tó jókòó ti gbẹ́nàgbẹ́nà fi ìgúnpá gún un.

"Ṣó o gbọ́? Màmá ẹ nìyẹn. Ìyá Aláfóònù!"

Àwọn tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Gbẹ́nàgbẹ́nà náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú gbà á tì débi pé kò rántí bó ṣe délé. Inú yàrá ìyá rẹ̀ ló wọ̀ tààrà.

"Màámi, ẹ̀ ń dójú tì mí o."

Ìyá dín ohùn fóònù kù. "Orúnkún ni, ọmọ mi."

"Orúnkún tó ń gbé yín dé ọjà? Ọjà nìkan ni orúnkún yín mọ̀nà rẹ̀ ni?"

Ìyá bi í bóyá ó ti jẹun.

"Tó bá jẹ́ orúnkún ni lóòótọ́," ni gbẹ́nàgbẹ́nà wí, "èmi ni mo mọ ohun tí màá ṣe sí i."

Ohun tó ṣe ni àga. Ó wá pákó tó dáa, ó fi gíga bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀ díwọ̀n rẹ̀ kó má baà ga jù, ó ṣe ibi ìgbọ́wọ́lé sí i lọ́tùn-ún lósì, ó fi bébà oníyanrìn ha á títí tó fi ń dán. Nígbà tó gbé e wọlé, ìyá fi àtẹ́lẹwọ́ ra á láti òkè délẹ̀.

"Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kì í fara sin. Ibikíbi tí mo bá ti rí i ni mo ti máa ń dá a mọ̀."

Orí gbẹ́nàgbẹ́nà wú.

"Ó dáa púpọ̀," ni ìyá wí. "Níbo la ó gbé e sí?"

"Ẹ̀yin náà ẹ! Ní mọ́ṣáláṣí ni."

"Mo gbọ́. Níbo ní mọ́ṣáláṣí?"

"Mọ́ṣáláṣí tó gba gbogbo wa, ṣé àga kan ló máa wá kún un?"

Ìyá wò ó pẹ́, bó ṣe máa ń wò ó nígbà kékeré tó bá ní ológbò ló jẹ ẹran. Lẹ́yìn náà ló mi orí.

"Gbé e lọ. Tó o bá ti ríbi gbé e sí, wá pè mí."

Lọ́jọ́ Jímọ̀, gbẹ́nàgbẹ́nà gbé àga rù, ẹ̀rín ò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó pariwo sí alápatà lókèèrè pé, "Màámi ń bọ̀ lónìí o! Ẹ wá ẹlòmíì tí ẹ máa fi ṣẹ̀fẹ̀!" Ó wọlé, ó gbé àga sí iwájú. Lèmọ́mù mi orí. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, àwọn ọkùnrin ti tò síbẹ̀. Ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà, bàtà ló kún ibẹ̀.

"Ọkùnrin ló ń bọ̀ wá kún gbogbo ibí yìí, arákùnrin," ni ládàánì wí fún un jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Gbé e sí yàrá ẹrù ná, ká tó mọ ohun tá a máa ṣe."

Gbẹ́nàgbẹ́nà yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, ó gba ẹ̀yìn lọ, ó ṣílẹ̀kùn. Ẹrù kún ibẹ̀ dẹ́nu. Ó fi èjìká ti dúrọ́ọ̀mù kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí àga lè ráyè.

Lára ògiri tí dúrọ́ọ̀mù bò, ó rí ìkọ́ tí òun fúnra rẹ̀ kàn síbẹ̀ fún ìyá rẹ̀, tẹ̀sùbáà ìyá ṣì rọ̀ sórí rẹ̀, eruku ti bò ó, níbi tó fi í kọ́ sí ní Jímọ̀ tó kẹ́yìn kí àrùn tó dé, nígbà tí yàrá yìí ṣì jẹ́ ibi kan ṣoṣo tí àwọn obìnrin ti ń kírun ní mọ́ṣáláṣí wọn.