Wáyà Ẹnu Ìyàwó

Kí la ti mọ̀ nípa wáyà tí wọ́n fi ń to eyín? Ìbéèrè tí oníṣègùn eyín kan máa ń bi èèyàn nìyẹn kó tó fọwọ́ kan ẹnu rẹ̀. Ó ti ṣe olùkọ́ rí kó tó di dókítà, àṣà iṣẹ́ náà ò sì tíì kúrò lára rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí ìyàwó kan àti àǹtí rẹ̀ kọ́kọ́ wá, àǹtí ló dáhùn.

"Wáyà ló ń fa eyín, àbí?"

"Ó kù díẹ̀ káàtó," ni dókítà wí. Ó gbé eyín oníke tó wà lórí tábìlì fún ìyàwó ojú ọ̀nà. "Wáyà kàn ń rọra tì í ni. Egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló ń yẹ̀ fún un. Egungun ọmọdé ṣì ń dàgbà lọ́wọ́, kì í bá wáyà jiyàn. Ti àgbàlagbà ti gan. Ó máa ń pẹ́ kó tó gbà. Ọmọ ọdún mélòó ni ìyàwó wa?"

"Méjìlélógún," ni àǹtí wí.

"Á jẹ́ pé ó lè tó ọdún méjì, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ọdún méjì kẹ̀! Ọkọ rẹ̀ ò lè dúró tó bẹ́ẹ̀ o. Òun ló ní ká to eyín náà kí ìgbéyàwó tó dé. Ẹ bá wa sáré sí i, Dókítà. Ẹ má sì dí èjì ẹnu rẹ̀ o, èjì yẹn ló kọ́kọ́ wù ú."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, àfi ìyàwó. Ó ń ṣí eyín oníke náà, ó ń pa á dé, ó tún ń ṣí i.

Nígbà tí dókítà ní kí wọ́n ya ẹksiréè, àǹtí kọ̀ jálẹ̀. "Ẹni tó fẹ́ bímọ láìpẹ́ kì í jókòó síwájú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀." Iṣẹ́ náà ò fi bẹ́ẹ̀ le, eyín iwájú mélòó kan ló gun ara wọn, dókítà ò bá a fà á. Ó lẹ wáyà náà. Ó ní kí ìyàwó mú àwọ̀ tó bá fẹ́ nínú àwọn rọ́bà tí wọ́n fi ń dè é. Ìyàwó nàka sí gbogbo wọn, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún eyín kọ̀ọ̀kan.

"Ìyàwó alárànbarà," ni nọ́ọ̀sì wí.

"Ohun tó kàn tí wàá gbìyànjú nílé," ni dókítà wí, bó ṣe máa ń sọ fún gbogbo èèyàn, "ni kí o máa fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ẹ̀yìn wáyà."

Eyín náà ń tò. Oṣooṣù ni wọ́n ń wá. Bí dókítà bá bi ìyàwó bóyá ó ń dùn ún, àǹtí á ní kò dùn ún. Nígbà kan, ẹran ìdí eyín wú ní ìkángun ẹnu lọ́hùn-ún, orí eyín ńlá tuntun kan sì ń yọ.

"Eyín ọgbọ́n ni," ni àǹtí wí. "Ọgbọ́n ilé ọkọ ti ń wọlé."

Dókítà fi dígí kékeré wò ó fún ìgbà pípẹ́. Ó ka eyín láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó sì tún un kà.

Ọdún kan ò tíì pé tí gbogbo eyín iwájú fi dúró lórí ìlà. Àǹtí pàtẹ́wọ́. "Ẹ yọ ọ́. Sátidé ni ìgbéyàwó."

"Kò tíì yá."

"Kí ló tún kù?"

"Ẹni ọdún méjìlélógún lẹ pè é, mà. Egungun ẹni ọdún méjìlélógún kì í yára báyìí. Ẹ padà wá ní Ọjọ́bọ̀."

Nọ́ọ̀sì dúró títí wọ́n fi jáde. "Dókítà, eyín yẹn ti tò o."

"Mo mọ̀." Ó mú fóònù, ó wọ yàrá inú, ó sì ti ilẹ̀kùn.

Ní Ọjọ́bọ̀, mọ́tò ọkọ dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọn ò pa iná rẹ̀. Bí ìyàwó ṣe ń gun àga, bàtà gíga rẹ̀ kan bọ́, bébà tí wọ́n ká sí iwájú rẹ̀ sì yọ síta. Àǹtí sáré tẹ̀ ẹ́ padà.

"Dókítà, n ò bá yín ṣeré lónìí. Ẹ yọ wáyà yìí, àbí kí n lọ wá ẹni tó máa fi ẹ̀mú fà á."

"A máa yọ ọ́. Ẹksiréè la máa kọ́kọ́ yà."

"Mo ti sọ fún yín pé…"

"Bí mo bá yọ ọ́ láìwo ìdí rẹ̀, eyín lè padà síbi tó ti wá. Ṣé ẹ̀yin lẹ máa ṣàlàyé fún ọkọ?"

Fèrè mọ́tò dún níta. Àǹtí dìde. "Ó dáa. Èmi náà ń bá a wọlé."

"Ẹlòmíì kì í wọ yàrá ẹ̀rọ yẹn, mà. Ẹ̀yin gan-an lẹ sọ ohun tó lè ṣe."

Àǹtí wo ilẹ̀kùn, ó wo ìyàwó. Ó di èjìká rẹ̀ mú ṣinṣin. "Má lanu sọ̀rọ̀ o, kí àwòrán má baà bàjẹ́."

Nọ́ọ̀sì mú ìyàwó wọlé, ó sì fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Nínú yàrá náà, obìnrin tí dókítà fi fóònù pè ti jókòó síbẹ̀, ó fi káàdì iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé kọ́rùn. Ẹ̀rọ yí orí ìyàwó ká lẹ́ẹ̀kan. Àwòrán hàn lójú kọ̀ǹpútà, dókítà sì fi ìka tọ́ka sí ìdí eyín ẹ̀yìn kan fún obìnrin náà, ìdí tí kò tíì dàgbà tán. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ síwájú ìyàwó.

"Ọmọ mi," ló wí, "ohun tó kàn tí wàá gbìyànjú ni kí o fi ẹnu ara rẹ dáhùn. Kíláàsì wo lo wà kí wọ́n tó mú ẹ wá síbí?"

Ìyàwó wo ilẹ̀kùn tí nọ́ọ̀sì fi ẹ̀yìn tì, ó fi ahọ́n kan wáyà ẹnu rẹ̀, ó ní, "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà náà ni, mà, ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí."