Ọkọ Tó Ní Kí Àna Rẹ̀ Má Wá Wẹ Ọmọ

Aago méjì ọ̀sán ni òjò bẹ̀rẹ̀ ní Ìkìrun lọ́jọ́ náà. Ojú ọ̀run ti dúdú láti àárọ̀, atẹ́gùn tútù sì ń fẹ́ eruku sìmẹ́ǹtì sójú àwọn tó ń mọlé. Ọ̀gá bíríkìlà ní kí oníkálukú máa lọ sílé. Gbádébọ̀ ṣan ọwọ́ àti ẹsẹ̀, ó fi àpò sìmẹ́ǹtì tó ti ṣófo borí, ó sì kọrí sílé.

Ẹ̀yin ọmọ mi, alágbàṣe tó mọṣẹ́ ni Gbádébọ̀. Kì í jalè, kì í mutí, kì í na ìyàwó. Àléébù kan ló ní: kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí ibi tí ọwọ́ òun kò tó. Ìtìjú rẹ̀ ti wọ ẹ̀wù ìgbéraga.

Ẹ kúkú mọ àṣà wa. Bí obìnrin bá bí àkọ́bí, ìyá rẹ̀ a di ẹrù, a wá wẹ ọmọ. Á gbé omi kaná, á gba ọmọ mọ́ra kí ìyá ọmọ lè rí oorun sùn. Nígbà tí Morádékẹ́, ìyàwó Gbádébọ̀, bímọ, ìyá rẹ̀ pè láti Ìràgbìjí pé òun ń bọ̀. Yàrá kan ni tọkọtaya náà ń gbé, òrùlé rẹ̀ sì ń jò. Gbádébọ̀ ro bí àna òun yóò ṣe máa wo òkè, ojú tì í. Ó ní, "Ẹ má ṣe ìyọnu, ìyá. A ti rí ẹni tó ń wẹ ọmọ." Ó sì kìlọ̀ fún Morádékẹ́ kó má tú àṣírí ilé.

Irọ́ ni. Kò sí ẹnì kankan.

Morádékẹ́ tó máa ń pa gbogbo ilé lẹ́rìn-ín wá ń dákẹ́. Bí ọmọ tilẹ̀ sùn, òun kò lè sùn. Oúnjẹ kò wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Omijé a dédé máa bọ́ lójú rẹ̀.

"Kí lò ń sunkún sí?" ni Gbádébọ̀ máa ń wí. "Àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń wá ọmọ kiri, ìwọ rí i bí, o ń fajú ro. Ṣé ọpẹ́ nìyẹn?"

Lọ́jọ́ òjò yìí, láti ẹnu ọ̀nà ló ti gbọ́ igbe ọmọ. Ó bá ọmọ lórí ẹní. Morádékẹ́ jókòó sí igun yàrá, ó kọjú sí ògiri.

"Morádékẹ́, o ò gbọ́ ni? Gbé ọmọ!"

Kò yíjú. "Ẹ gbé e, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí. Ẹ̀rù ara mi náà ń bà mí. Ó ń ṣe mí bíi kí n jáde, kí n máa lọ, kí n má padà mọ́."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí ọmọ náà, Gbádébọ̀ kò gbé e rí. Ó ní ọwọ́ òun le jù, ọrùn ọmọ kò sì tíì gbó. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ gbé ọrùn rẹ̀ ró, ó gbé e. Ọmọ náà fúyẹ́, ara rẹ̀ sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Gbádébọ̀ rí àwùjẹ orí rẹ̀ tó ń lọ sókè sódò, bí ẹni tó ń rọra kan ilẹ̀kùn láti inú wá. Ọmọ di ìka rẹ̀ kan mú, ó sì dákẹ́.

Gbádébọ̀ wo ọmọ, ó wo ìyá ọmọ. Inú ara ènìyàn kan ni gbogbo eléyìí ti jáde, òun sì ń béèrè ìdí tó fi ń sunkún!

"Kí ni kí n ṣe fún ọ?" Ohùn rẹ̀ ti rọ̀.

"Ìyá mi ni mo fẹ́."

Nígbà tí òjò dá díẹ̀, ó fi ìró gbá ọmọ mọ́ àyà, ó di Morádékẹ́ lọ́wọ́ mú, wọ́n gba ilé ìwòsàn àdúgbò lọ. Àwọn ọlọ́kadà tó yà sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ fi Gbádébọ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé, "Ìyá Ìkókó, ẹ kú ọwọ́ lómi o!" Ó ń bá tirẹ̀ lọ.

Nọ́ọ̀sì gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn tán. Ó ní, "Bàbá Ìkókó, ìyàwó yín kì í ṣe aláìmoore. Àìsàn ni. Ó máa ń ṣe àwọn abiyamọ, ó sì ní ìtọ́jú. Ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀ o. Ta ló ń ràn án lọ́wọ́ nílé?"

Gbádébọ̀ wolẹ̀. "Kò sí. Èmi ni mo ní kí ìyá rẹ̀ má wá."

Nọ́ọ̀sì ní kí Morádékẹ́ àti ọmọ sinmi lọ́dọ̀ àwọn títí ìyá rẹ̀ yóò fi dé. Ọ̀rọ̀ náà kọjá èyí tí ènìyàn ń sọ lórí fóònù, nítorí náà Gbádébọ̀ gun ọ̀kadà lọ sí Ìràgbìjí, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àna rẹ̀.

"Ìyá, irọ́ ni mo pa pé a ti rí ẹni tó ń wẹ ọmọ, ara Morádékẹ́ kò sì yá. Yàrá kan la ní, ó sì ń jò. Ojú ló tì mí."

Ìyá ní, "Yàrá tí ọmọ mi ń sùn? Ibo lo wá fẹ́ kí n sùn, ààfin?" Ó ti ń di ẹrù bó ṣe ń sọ̀rọ̀. "Dìde jàre, bọ́ aṣọ tútù yẹn, kí n má lọ máa tọ́jú ẹni mẹ́ta."

Ara Morádékẹ́ kò yá lọ́jọ́ kan. Ó lo ìtọ́jú tí wọ́n fún un, ó padà lọ rí nọ́ọ̀sì léraléra, ó sì ń sùn nígbà tí ìyá rẹ̀ bá gbé ọmọ. Díẹ̀díẹ̀ ni ẹ̀rín padà sí ẹnu rẹ̀.

Ẹ fetí sí mi, ẹ̀yin ọmọ. Iṣẹ́ ìyanu ni kí ènìyàn ti inú ènìyàn jáde. Ẹni tó bímọ lè máa dúpẹ́ kó sì tún máa sunkún. Ẹ má bá a jà, ẹ bá a gbé ọmọ. Ẹni tó bá torí ìtìjú lé olùrànlọ́wọ́, aya àti ọmọ rẹ̀ ni yóò jẹ ìyà rẹ̀. Àjèjé ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì òjò náà, nígbà tí ìyá Morádékẹ́ gbé omi ọmọ sílẹ̀ tó ń wá ọṣẹ, Gbádébọ̀ jókòó sórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó sì gba ọmọ láti wẹ̀ ẹ́.